Mo Rọ Ìpara Ọkọ Ẹ̀gbọ́n Mi Sínú Agolo Tí Kì í Ṣe Tiẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wá ibi jókòó sí ná. Nǹkan ṣẹlẹ̀ nílé wa láàárọ̀ òní! Bó bá jẹ́ ẹlòmíì ló kọ irú ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, màá ní ó ti bu iyọ̀ sí i. Inú yàrá ni mo wà, mo ti ilẹ̀kùn mọ́rí, fóònù mi àtijọ́ tí ojú ẹ̀ ti là ni mo fi ń tẹ èyí. Bí ẹ bá rí ibi tí lẹ́tà kan ti fò, ẹ bá mi fò ó. Ẹ máa tó mọ bí fóònù tuntun ṣe bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ó ti rẹ̀ mí. Kì í ṣe pé mi ò sùn o. Irọ́ ló rẹ̀ mí. Oṣù márùn-ún ni mo fi ru irọ́ kan ká inú ilé yìí, bí ẹni tó ru omi tí wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ kán sílẹ̀. Gbogbo ẹ̀ ló dànù láàárọ̀ yìí.

Ilé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo ń gbé. Ọkọ ẹ̀ ń ṣe àga, àwọn àga onífóòmù ńláńlá tí wọ́n ń tò sí pálọ̀. Bọ̀ọ̀dá Fóòmù ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí kò sí ìgbà tí ẹ máa rí i tí èérún fóòmù ò ní wà lórí ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń rán ìbòrí àwọn àga náà. Ṣọ́ọ̀bù wọn ò ju ẹsẹ̀ mẹ́wàá lọ sí ẹnu ilẹ̀kùn ilé. Páànù ni wọ́n fi bo orí ẹ̀, ooru ibẹ̀ kì í ṣe kékeré, nítorí náà síńgílẹ́ẹ̀tì ni Bọ̀ọ̀dá máa ń wọ̀ ṣiṣẹ́ látàárọ̀ dalẹ́.

Ọmọ kan ni wọ́n bí, obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin. Ìyá Àgbà là ń pè é. Ọmọ yìí lẹ́nu! Á káwọ́ sẹ́yìn, á wò mí láti òkè délẹ̀, á ní, "Àǹtí, ẹ gbé fóònù yẹn sílẹ̀, ojú yín á fọ́ o."

Ohun kan wà láàárín òun àti bàbá ẹ̀. Láràárọ̀, bí bàbá bá ti wẹ̀, tó sì para tán, ọmọ á ti dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà, á na ọwọ́ méjèèjì sókè: "Dádì, ọrùn!" Bọ̀ọ̀dá á gbé e kọ́rùn, itan méjèèjì á wà lórí èjìká ẹ̀, ó di iléèwé. Òjò ò dá a dúró, oòrùn ò dá a dúró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Lọ́dún tó kọjá ni agbára bẹ̀rẹ̀ sí í tán lára Bọ̀ọ̀dá. Ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ni o, kì í ṣe arúgbó. Á kan ìṣó mẹ́ta, á jókòó. Lọ́jọ́ kan oníbàárà kan wá wo àga ẹ̀, ó bá a tó sùn gbalaja lórí ẹ̀.

Obìnrin náà ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ ń bá mi dán an wò ni, àbí ẹ ti rà á padà?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Bọ̀ọ̀dá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ju òòlù mọ́lẹ̀, ó wọlé lọ. Ẹni tó jẹ́ pé òun ló máa ń pa wá lẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀!

Ẹ̀gbọ́n mi pè mí sí kíṣíìnì. "Àbúrò, ọkùnrin yìí á wọlé, á jẹun, á kọjú sí ògiri. Ṣé kì í ṣe pé ó ti ní ẹlòmíì níta?"

"Sísítà mi, ẹni tí ò lè gbé òòlù, níbo ló ti máa rí agbára ẹlòmíì?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì fi etí aṣọ nu ojú.

Kò pẹ́ sígbà náà, ẹ̀gbọ́n mi lọ ra òwú. Bọ̀ọ̀dá pè mí sí ṣọ́ọ̀bù.

"Jókòó. Pa fóònù yẹn."

"Bọ̀ọ̀dá, mo kàn ń dá ẹnì kan lóhùn ni."

"Mo ní pa á."

Mo yí ojú ẹ̀ délẹ̀ lórí itan mi. Mi ò pa á. Bọ̀ọ̀dá fa ike funfun kan yọ lábẹ́ àwọn àjákù aṣọ àga, èyí tí wọ́n máa ń tẹ lórí kí ohun inú ẹ̀ tó jáde. Ó ní òun ti lọ rí dókítà. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ òun wò lẹ́ẹ̀mejì. Họ́mónù ọkùnrin, tẹsitósítẹ́rọ́ònù tí wọ́n ń pè é, ti lọ sílẹ̀ gan-an lára òun, ìyẹn ló ń fa gbogbo àárẹ̀ yẹn. Ìpara tó máa dá a padà nìyí. Ó ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tó ń jẹ́wọ́ olè jíjà.

"Èmi tí mò ń dá gbé àga oníjòókòó mẹ́ta. Ìpara ni wọ́n ní kí n máa fi di ọkùnrin. Ṣé o rí ayé?"

"Bọ̀ọ̀dá, àìsàn ni. Kì í ṣe ẹ̀sín."

"Kì í ṣe ẹ̀sín lẹ́nu ẹni tí kò ṣe." Ó na ìwé tó wà nínú páálí ìpara náà sí mi. "Dókítà ní kí n kà á délẹ̀délẹ̀. Lẹ́tà ẹ̀ dà bí ẹsẹ̀ èèrà, ojú mi ò gbé e. Ìwọ lo mọ̀wé, bá mi kà á."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ibi tí mo ti kọ́kọ́ ṣẹ̀ nìyí. Ìwé náà gùn bí aṣọ ojú fèrèsé. Bẹ́ẹ̀, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìtàn kan tí mo kọ síta lórí íńtánẹ́ẹ̀tì láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, àwọn èèyàn sì ń sọ̀rọ̀ sí i wọ́ọ́wọ́ọ́, fóònù ń gbọ̀n lórí itan mi bí ẹyẹ tí wọ́n dè. Gbogbo ara mi ń yún mi láti wò ó.

Mo ka ojú kan. "Àárọ̀ ni, lẹ́yìn ìwẹ̀. Ẹ fi pa èjìká. Ẹ fọ ọwọ́ yín. Ó tán."

"Ó tán?"

"Ó tán, Bọ̀ọ̀dá."

Kò tán. Àpótí kan wà lẹ́yìn ìwé náà, wọ́n fi ìlà dúdú gbàràgbàrà yí i ká. Mo rí i. Ojú mi kọjá lórí ẹ̀ bí ẹni tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó jẹ ní gbèsè tí kò fẹ́ kí.

Bọ̀ọ̀dá ní, "Ìyàwó mi ò gbọ́dọ̀ rí i."

"Ẹ kàn sọ fún wọn. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ẹ ní ẹlòmíì."

"Kó máa bẹ̀rù. Ìbẹ̀rù ẹ̀ sàn fún mi ju àánú ẹ̀ lọ."

Ó wò mí, ó wá wo fóònù lórí itan mi. "Kí ló ṣe ojú nǹkan yìí?"

Mo sọ fún un pé ó ti jábọ́ rí, pé ibi tó là kọjá lórí lẹ́tà "a" gan-an, pé bí mo bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta ni yóò tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ tiẹ̀ sọ fún mi, ọ̀rọ̀ wo lèèyàn fẹ́ kọ tí ò ní "a"?

Bọ̀ọ̀dá ṣí dúrọ́ọ̀ ẹ̀. Fóònù tuntun ni, nínú páálí, ó rà á láti máa fi ya fọ́tò àga fún àwọn oníbàárà. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó tutù, ó ń dán, ó wúwo díẹ̀ bí ọṣẹ tuntun.

"Gbà. Ṣùgbọ́n ẹnu ẹ. Rán an bí ìgbà tí ẹ̀gbọ́n ẹ rán tìmùtìmù. Kí abẹ́rẹ́ má rí ibi wọlé."

Ẹ gbọ́ o, kò sọ pé kí n ṣe ju kí n dákẹ́ lọ. Ọgbọ́n tó kù, èmi ni mo gbọ́n ọn. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé èjìká máa ń ro Bọ̀ọ̀dá nítorí aṣọ tó ń fà mọ́ igi àga. Agolo ìpara ara ríro ẹ̀ kì í kúrò lórí fèrèsé yàrá wọn. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n rọ tuntun yìí sínú agolo yẹn. Kò sẹ́ni tó máa bi yín léèrè."

Mo fọ agolo náà lẹ́yìn ilé, nídìí ẹ̀rọ omi. Mo rọ ìpara funfun náà sínú ẹ̀. Mo tún fi ìwọ̀nba ti àtijọ́ pa etí ẹ̀ kó lè máa ta sánsán bí ti tẹ́lẹ̀. Mo fa ìwé náà ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ, mo dà á mọ́ èérún fóòmù. Ṣé ẹ rí iṣẹ́ ọgbọ́n? Ike yẹn máa ń wọn ohun tó yẹ kéèyàn lò bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Agolo ò mọ ìwọ̀n. Ìka méjì ni Bọ̀ọ̀dá ń kì bọ̀ ọ́. Bó bá sì tán, á gba ike tuntun wá, èmi náà ni mo máa ń rọ ọ́.

Nígbà tí mo máa gbójú sókè, Ìyá Àgbà ti dúró tì mí.

"Àǹtí, kí lẹ ń ṣe?"

"Àṣírí èmi àti ìwọ ni. Gbà, fi fóònù ṣeré."

Mo kì fóònù bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Bí wọ́n ṣe ra èmi náà ni mo ṣe ra ọmọ.

Ẹ̀gbọ́n mi rí fóònù lọ́wọ́ mi, ó ní, "Èwo lèyí?" Mo ní mo fi ìtàn gba ẹ̀bùn ni. Inú ẹ̀ dùn débi pé ó fò mọ́ mi. Títí ilẹ̀ ọjọ́ náà fi ṣú ló ń ké sí àwọn tó ń kọjá: "Àbúrò mi gba ẹ̀bùn o! Òǹkọ̀wé ni!"

Kí n má purọ́ mọ́, ìpara náà ṣiṣẹ́. Nígbà tó máa fi tó oṣù kan àtààbọ̀, Bọ̀ọ̀dá ti ń súfèé. Ó ń gbé igi àga bí ẹni gbé ìgbálẹ̀. Ó ń bá ìyàwó ẹ̀ ṣeré nídìí máṣíìnì.

Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi ní kíṣíìnì pé, "Ọkọ mi ti dé láti ìrìn àjò."

Inú mi dùn. Mo rò pé iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Ìtàn mẹ́ta ni mò ń kọ lọ́sẹ̀, gbogbo "a" mi pé.

Bàtà iléèwé ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bàtà Ìyá Àgbà fún un. Wọ́n ra òmíràn, kò pẹ́, ìyẹn náà fún un. Àwọn èèyàn ní, "Ọmọ yìí mà ń ga o!" Inú bàbá ẹ̀ ń dùn, ó ní òun ló jọ.

Lẹ́yìn náà ni irorẹ́ yọ níwájú orí ẹ̀, bí ti ọmọ ọdún mẹ́rìnlá.

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi ń wẹ̀ fún un, ó ké sí mi. "Àbúrò, wá gbóòórùn abẹ́ abíyá ọmọ yìí."

Mo tẹrí ba, mo gbóòórùn ẹ̀. Bí ẹni tó ti ru búlọ́ọ̀kù látàárọ̀ ló ń rùn. Ìyá Àgbà wo àwa méjèèjì, ó ní, "Ṣé ẹ fẹ́ jẹ mí ni?"

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni irun yọ níbẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ pè wá níléèwé pé ó bu ọmọ kan jẹ, ó tún ta àga lulẹ̀. Ohùn ẹ̀ ń le. Bó bá sì di ìrọ̀lẹ́, á jókòó, á máa fi ọwọ́ ra ojúgun.

"Mọ́mì, ẹsẹ̀ ń dùn mí."

Ẹsẹ̀ tó ń gùn lágùnjù ni, ṣùgbọ́n ta ló mọ̀? Ẹ̀gbọ́n mi wọ yàrá, ó gbé agolo yẹn jáde. Ó gbé ẹsẹ̀ ọmọ lé itan, ó ki ọwọ́ bọ agolo, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa á láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀. "Ìpara ara ríro Dádì nìyí, ó máa lọ, ó máa lọ."

Ẹnu ọ̀nà ni mo wà, fóònù wà lọ́wọ́ mi.

"Sísítà mi…"

"Kí ni?"

"Kò sí nǹkan kan. Ẹ má fi púpọ̀ sí i."

"Ṣé ìwọ lo rà á ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run ló mọ irú ẹ̀rín tí mo rín.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, bí mo ṣe ń pọn omi, mo wá ọ̀rọ̀ ìpara náà lórí fóònù. Ohun tó kọ́kọ́ jáde ni àpótí yẹn. Àpótí onílà dúdú gan-an tí mo fò! Wọ́n ní kí ọmọdé má fara kan ibi tí wọ́n pa á sí. Wọ́n ní kí wọ́n fi aṣọ bò ó. Wọ́n ní bí ọmọdé bá bẹ̀rẹ̀ sí í hu irun, tó ń rùn bí àgbà, kí wọ́n tètè lọ rí dókítà. Omi kún korobá, ó ṣàn bo ẹsẹ̀ mi, mi ò mọ̀.

Mo fẹ́ sọ. Ẹ gbà mí gbọ́, ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n. Mo ro ilé tó máa tú. Mo ro ibi tí mo máa gbé. Kí n má sì fi ọmọlúàbí bo ara mi, fóònù náà wà nínú ohun tí mo rò. Mo ní ó di ọ̀la.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo bá Bọ̀ọ̀dá ní ṣọ́ọ̀bù. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ máa wọ ṣẹ́ẹ̀tì alápá."

"Nínú ooru yìí? Ṣé o fẹ́ fi mí se ọbẹ̀ ni?"

"Nítorí àwọn oníbàárà ni."

"Wọ́n ti ń wo èjìká mi, àbí?" Ó fi ọwọ́ gbá àyà, ó rẹ́rìn-ín. Mo padà sílé.

Mo gbé agolo pamọ́ sẹ́yìn àpótí aṣọ. Ẹ̀gbọ́n mi wá a rí. "Ta ló gbé ìpara yìí síbí?" Ó tún fi pa ọmọ lẹ́sẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni mo rí i tó fi pa á lẹ́yìn tí mo ti mọ̀. Mo kà á.

Ọ̀la tí mo dá ò dé. Ó wá kan Onídìrí.

Obìnrin tó ń dirun ní òdìkejì títì ni, òun ló máa ń di orí Ìyá Àgbà ní gbogbo Sátidé. Bí òun àti ẹ̀gbọ́n mi bá ti pàdé, ẹnu wọn kì í dákẹ́. Sátidé tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi fa ọmọ lọ́wọ́ sọdá títì. Onídìrí ti di orí ẹ̀ dé ìdajì kí ẹ̀gbọ́n mi tó bú jáde.

"Òróró wo lò ń fi sí ọmọ mi lórí?"

"Èyí tí mò ń fi sí ti àwọn ọmọ mi náà ni. Kí ló dé?"

"Irun ń hù lábẹ́ abíyá ọmọ ọdún mẹ́rin!"

Onídìrí gbé kóòmù dúró. "Ṣé abíyá ni mò ń dì ni?"

Àwọn tó jókòó fún irun bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ba nǹkan jẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀ tí mi ò lè kọ síbí. Ó pè é ní ẹni tó ń fi òróró burúkú ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́, lójú gbogbo èèyàn.

Onídìrí ò pariwo. Ojú ẹ̀ kàn pọ́n. Èmi ló yíjú sí. "Ìwọ tó o mọ̀wé, tó o gba ẹ̀bùn, sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ pé òróró orí kì í ṣàn dé abíyá."

Mo dúró láàárín wọn, mo di ẹ̀bùn mi mú.

"Ẹ má bínú, mà," ni gbogbo ohun tí mo lè sọ.

"Ó dáa. Ẹ máa mú un lọ. Kí ẹ wá ẹni tí òróró ẹ̀ mọ́." Orí tí wọ́n dì dé ìdajì ni ọmọ gbé padà sílé.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọmọ lọ sọ́sibítù. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, wọ́n ya fọ́tò egungun ọwọ́ ẹ̀, wọ́n ní ká padà wá láàárọ̀ òní. Bọ̀ọ̀dá ní àga tó gbọ́dọ̀ jáde, nítorí náà èmi ni mo tẹ̀ lé wọn.

Dókítà náà, obìnrin ni, ó gbé fọ́tò náà sí ojú iná. "Mọ́mì, ọdún mélòó ni ọmọ yìí?"

"Mẹ́rin, Dókítà."

"Egungun yìí ń sọ méje."

Mi ò lè wo fọ́tò náà pẹ́. Ọwọ́ kékeré, ìka márùn-ún, funfun lórí dúdú.

Dókítà ní họ́mónù ọkùnrin pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Ó ní nígbà mìíì ara ọmọ fúnra ẹ̀ ló ń ṣe é, nígbà mìíì ó máa ń ti ìta wọlé. "Ṣé ẹnì kan nílé ń lo ìpara họ́mónù? Èyí tí àwọn ọkùnrin ń fi pa èjìká?"

"Èjìká?" Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín tí kò nítumọ̀. "Ìpara ara ríro nìkan ni ọkọ mi ń fi pa èjìká. Èmi náà ń fi pa ọmọ yìí lẹ́sẹ̀."

Dókítà gbé bírò sílẹ̀. "Ẹ lọ gbé e wá kí n rí i. Nísinsìnyí."

Ẹ̀gbọ́n mi bi í pé, bó bá jẹ́ ìpara náà ńkọ́? Dókítà ní bí wọ́n bá dá a dúró, irorẹ́ á lọ, òórùn á lọ, inú fùfù yẹn á rọlẹ̀, irun náà lè dín kù. "Ṣùgbọ́n egungun tó ti sáré, kì í padà sẹ́yìn. Ó lè tètè dá gíga ọmọ dúró. Gbogbo ọjọ́ tá a bá tètè dá a dúró ló níye lórí."

Gbogbo ọjọ́. Mo ń ka ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti mọ̀ nínú ọkàn mi.

Nígbà tí a délé, ẹ̀gbọ́n mi gba yàrá lọ tààrà, ó gbé agolo jáde sí ṣọ́ọ̀bù. Bọ̀ọ̀dá dojú kọ àga, ìṣó kéékèèké kún ẹnu ẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, síńgílẹ́ẹ̀tì lọ́rùn. Ẹ̀gbọ́n mi ki ìka bọ agolo, ó fi ìka méjì ra á, ó gbé e símú.

"Ìpara yìí ò ta mí lọ́wọ́ rí," ló sọ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Mo rò pé ó ti pẹ́ ni."

Mo ní, "Sísítà mi, ó lè jẹ́ pé…"

Ìyá Àgbà ló sọ ọ́. Ó jókòó sórí fóòmù, ó ń ju ẹsẹ̀. "Àǹtí ló máa ń rọ ti inú ike funfun sínú ẹ̀. Lẹ́yìn ilé. Wọ́n ní àṣírí ni, wọ́n wá fún mi ní fóònù kí n fi ṣeré."

Òòlù Bọ̀ọ̀dá dúró lókè.

Ó yọ àwọn ìṣó náà lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n sí àtẹ́lẹwọ́.

"Ìpara mi ni," ó ní. "Ọsibítù ló fún mi. Agbára ló tán lára mi, ojú ń tì mí láti sọ fún ẹ. Kí ló dé?"

"Kí ló dé?" Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún un ohun tí dókítà sọ. Egungun ọdún méje. Èjìká. Gbígbé kọ́rùn. Bọ̀ọ̀dá ń gbọ́ ọ, ó sì ń yí ojú sí èjìká ara ẹ̀ bí ẹni tí ejò wà lórí ẹ̀.

"Mi ò mọ̀," ló ń wí. "Mo fi ọmọ mi búra, mi ò mọ̀. Ó ka ìwé ẹ̀ fún mi. Mo ní ṣé ó tán, ó ní ó tán."

Àwọn méjèèjì yíjú sí mi.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Fóònù yẹn. Ta ló fún ẹ?"

Bọ̀ọ̀dá wolẹ̀. Ìyẹn ti tó ìdáhùn.

"Mo pariwo ẹ̀ ládùúgbò," ló ní. "Mo ní àbúrò mi gba ẹ̀bùn. Mo lọ bú obìnrin yẹn lójú àwọn oníbàárà ẹ̀." Ó fi ìka tó ní ìpara lára tọ́ka sí mi. "Wá ìwé náà lórí ẹ̀. Ó máa wà níbẹ̀. Kà á."

Mo wá a. Kò pẹ́ rárá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka àpótí náà. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n kọ "ọmọdé" sí, ohùn mi bọ́.

"Sókè. Kà á tán. Èyí tó tán lóòótọ́."

Mo kà á tán. Ẹ̀yin èèyàn mi, ìṣẹ́jú kan péré ni. Ìṣẹ́jú kan ni mi ò ní fún wọn lọ́jọ́ yẹn. Ẹ má bá mi bú ìpara o. Ìpara wo ọkùnrin kan sàn, kò sì ṣe ohunkóhun ju ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀ pé ó máa ṣe. Èmi ni mo bọ́ orúkọ ẹ̀ kúrò lára ẹ̀, tí mo wọ̀ ọ́ láṣọ ìpara mìíì.

Ẹ̀gbọ́n mi wá bèèrè èyí tí mò ń bẹ̀rù. "Ìgbà wo lo kọ́kọ́ kà á?"

Mo lè purọ́. Ó ti mọ́ mi lára. Mo lè ní, nísinsìnyí ni. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti rẹ̀ mí jù.

"Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn."

Mo rò pé ó máa gbá mi létí. Mo tiẹ̀ fẹ́ kó gbá mi. Kò gbá mi.

"Ọ̀sẹ̀ méjì," ló ní. "Mo ń pa á. Ò ń wò mí."

Ó gba ìdí ẹ̀rọ omi lọ. Mo gbé fóònù tuntun lé apá àga. A gbọ́ tó ń fọ ọwọ́. Ó pa omi, ó tún ṣí i, ó tún ń fọ̀ ọ́.

Ìyá Àgbà ò fẹ́ràn ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí fóòmù, ó lọ dúró síwájú bàbá ẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè. "Dádì, ọrùn!"

Bọ̀ọ̀dá rìn sẹ́yìn títí ẹ̀yìn ẹ̀ fi kan ògiri. Ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, àti ìṣó, àti gbogbo ẹ̀. Omi ń dá lójú ẹ̀.

Ọmọ náà dúró díẹ̀. Ó sáré lọ bá ìyá ẹ̀ nídìí omi. "Mọ́mì, ẹ gbé mi."

"Má fọwọ́ kàn mí! Dúró! Dúró síbẹ̀, ọwọ́ mi ò tíì mọ́." Ọṣẹ ti hó dé ìgbúnwọ́ ẹ̀.

Ìyá Àgbà wo bàbá. Ó wo ìyá. Ó wá yí padà, ó rìn tọ̀ mí wá, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè sí mi.